Ṣódípẹ̀ Kan, Àkọtọ́ Mẹ́rin: Àyẹ̀wò FamilySearch fún Ẹni Tó Ń Tọpa Ìran Rẹ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, tú àpótí ìwé bàbá wọn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ni a bá ní ọ̀nà mẹ́rin. Káàdì ìrìbọmi kọ ọ́ ní Shodipe, rìsíìtì owó orí kọ ọ́ ní Sodeipe, ìwé ẹ̀rí tí àbúrò bàbá wọn gbà ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní Shodepe, òkúta ibojì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì sì kọ ọ́ ní Sodipeh, pẹ̀lú h kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Àwa tí a ṣẹ́kù ń kọ ọ́ ní Ṣódípẹ̀ bí àmì bá wà lórí fóònù wa, a sì ń kọ ọ́ ní Sodipe bí kò bá sí. Ìbátan wa kan tó ń gbé ní London ló bẹ̀ mí pé kí n kó ìran náà jọ sójú kan, kí wọ́n lè tẹ ìwé ìdílé kékeré fún ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún Bàbá Àgbà. Mo pe iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ oṣù méjì. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló gbà, a sì ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ayẹyẹ náà tán kí n tó dé ìdajì rẹ̀.

FamilySearch, ibùdó ìwádìí ìran lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo lò jù, òun ni mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ọmọ Yorùbá tó bá ní irú ìṣòro yìí. Ìjọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mormon ló ni ín, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah, ẹgbẹ́ tó sì bí i ti wà láti ọdún 1894. Kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè wo ẹgbàágbèje àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó, ikú, ìkànìyàn àti ìrìn àjò ọkọ̀ òkun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, kò sì pọn dandan kó jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Mo sọ èyí nítorí pé Mùsùlùmí ni ìdajì ìdílé wa, àwọn kan sì kọ́kọ́ fura pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ bàbá wọn ṣe nǹkan. Àwọn àwòrán ìwé kan wà tí kò ní ṣí lórí fóònù ẹni nílé, àfi bí ènìyàn bá lọ sí ọ̀kan lára àwọn ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ìnáwó ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ni owó kan ṣoṣo tí FamilySearch ná mi.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ wá orúkọ náà, ẹ̀bi mi ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tẹ Sodipe, mo tẹ ọdún ìbí tí mo fojú bù, mo sì ní kí ẹ̀rọ máa wá a. Òkìtì orúkọ tó kó síwájú mi kọjá ohun tí ojú lè kà, nítorí pé bí ènìyàn kò bá sọ fún un pé àkọtọ́ kan pàtó ni òun ń fẹ́, gbogbo ohun tó bá fara jọ ọ́ ni yóò gbé wá. Mo wá sọ fún un pé Sodipe gan-an ni mo ń fẹ́, ibẹ̀ sì dá wáí. Láàárín òkìtì àti òfo yẹn ni iṣẹ́ wà, irinṣẹ́ tó sì ń gbani níbẹ̀ ni àmì ìràwọ̀ àti àmì ìbéèrè. Àmì ìbéèrè dúró fún lẹ́tà kan. Àmì ìràwọ̀ dúró fún iye lẹ́tà yòówù, tó fi mọ́ àìsí lẹ́tà rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá tẹ S*d*p* yóò mú Sodipe, Shodipe, Sodeipe, Shodepe àti Sodipeh lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì ń wá Àjàyí lè tẹ A*ja*, kí Ajai, Ajayi, Adjai àti Ajaye jọ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ṣòfò kí n tó mọ èyí, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù láti kà á.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi máa ń rò pé orúkọ méjì jọra. Ọ̀nà tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí ni Soundex, èyí tí Robert Russell gba ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1918, tí wọ́n sì fi to orúkọ inú ìkànìyàn orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn náà. Ó máa ń dá lẹ́tà àkọ́kọ́ sí, yóò da fáwẹ̀lì àti h, w, y nù, yóò sì sọ kọ́ńsónáǹtì tó kù di nọ́ńbà mẹ́ta péré. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi ṣírò rẹ̀. Sodipe, Shodipe, Sodeipe, Shodepe àti Sodipeh, S310 ni gbogbo wọn, ìyẹn sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n Steve náà, S310 ni. Àjàyí tí wọ́n kọ ní Ajayi di A200, Àjàyí kan náà tí wọ́n kọ ní Adjai di A320, nítorí d kan ṣoṣo tí akọ̀wé fi há a lẹ́nu. Òjó àti Òkè wá di O200 àwọn méjèèjì. Etí tó gbọ́ Òjó ní Òkè, tí kò sì mọ̀ pé Ajai àti Adjai jẹ́ ẹnì kan, etí Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò sọ pé Soundex lásán ni FamilySearch fi ń ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá fi orúkọ àwọn òyìnbó tọ́ dàgbà, ẹni tó bá ń lò ó ló gbọ́dọ̀ bá a gbọ́ Yorùbá.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló ń da orúkọ wa rú jù. Àwọn àgbà sọ pé láti inú Oṣó ni Ṣó tó wà níwájú ọ̀pọ̀ orúkọ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti wá, àwọn ìdílé kan kò sì gé O náà dànù. George William Johnson, ọ̀kan nínú àwọn Sàró (àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone) tó lókìkí ní Abẹ́òkúta, ń pe ara rẹ̀ ní Oshokale. Bí ìdílé tiwa bá ti jẹ́ Oshodipe nígbà kan, O231 ni Soundex yóò pè é, kò sì ní wá a dé ẹ̀bá S310 láé. Ohun tó mú mi kúrò ní S*d*p* nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ *odip*, kí n má fi lẹ́tà àkọ́kọ́ dè é rárá.

*odip* yìí tún gbà mí lọ́wọ́ ewu mìíràn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni káàkiri ayé ló ka ọ̀pọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ wọ̀nyí tí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tí kò bá sì gbọ́ Ṣódípẹ̀ rí láyé rẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni yóò tẹ̀. S àti L jọra púpọ̀ nínú ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ lẹ́tà. Lodipe ni mo ṣe bá àbúrò bàbá Bàbá Àgbà nínú ìwé àwọn èrò ọkọ̀ òkun tó gúnlẹ̀ sí New York, orúkọ ìdílé sì wà níbi tó yẹ kí orúkọ tirẹ̀ wà. Nígbà tí mo ṣí àwòrán ojúewé náà fúnra mi, S ni mo rí kedere, àmì ìbéèrè kò sí lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tí wọ́n tẹ̀ gbọ́ láìwo àwòrán, bí àwòrán bá wà. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ènìyàn tún orúkọ ṣe nínú ọ̀pọ̀ àkójọ náà, ẹni tó bá sì tún un ṣe ti ṣí ọ̀nà fún àwọn mìíràn tó ń bọ̀.

Ohun tí FamilySearch kò lè fún ọmọ Yorùbá ni ìtàn àkọtọ́ wa, àti pé láìsí i, ojú lásán ni ènìyàn yóò máa fi wo ìwé. Àwọn akọ̀wé ìgbà Crowther kọ orúkọ bí etí wọn ṣe gbé e: wọ́n fi sh pe ṣ, wọ́n ń sọ kọ́ńsónáǹtì kan di méjì, wọ́n sì ń fi h parí orúkọ kí òǹkàwé má baà gbé fáwẹ̀lì ìkẹhìn mì bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe. Orúkọ Crowther alára, Adjai ni níbì kan, Ajai ni níbòmíràn. Ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní ọdún 1875 gbìyànjú láti mú gbogbo rẹ̀ wá sójú kan, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ sì fìdí múlẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba tó ń fi taipíráítà Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ kò ní àmì kankan, sh ló sì ń bá a lọ. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974, aiye di ayé, eiye di ẹyẹ, àwọn ìdílé kan tún orúkọ wọn kọ, àwọn kan sì ní àwọn kò ní fọwọ́ kan ohun tí bàbá àwọn fi sílẹ̀. Àwọn ìlú náà kò gbà: Offa kò tíì ju f kan sílẹ̀, Ebute Metta ṣì di t méjèèjì mú. Èyí ni pé ènìyàn lè gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1958 pẹ̀lú orúkọ kan, kí ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1985 pẹ̀lú òmíràn, láìjẹ́ pé ó yí orúkọ padà lójú ara rẹ̀.

Bí ìran ẹni bá ré kọjá ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń jọba, etí akọ̀wé ibẹ̀ ni kí ènìyàn yá lò. Faransé ní Dahomey yóò kọ dj níbi tí àwa ti ń kọ j, yóò sì kọ ou níbi tí a ti ń kọ u. Ìjẹ̀ṣà tó di Ijesha lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ ní Ijexá ní Brazil àti Iyesá ní Cuba. Ẹ wo ti Cuba yẹn dáadáa: j àwọn ará Sípéènì dún bíi h wa, nítorí náà y ni wọ́n fi pe j Yorùbá, Òjó sì lè di Oyo nínú ìwé wọn, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà lónìí máa rò pé orúkọ ìlú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣàngó jẹ́ Shango, Chango àti Xangô; lẹ́tà àkọ́kọ́ mẹ́ta, ohùn kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá ni Freetown ní Sierra Leone. Ìtàn ìdílé wa sọ pé ẹni tó bí bàbá àgbà Bàbá Àgbà jẹ́ Sàró, ọ̀kan lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lórí òkun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gba Crowther ní oṣù kẹrin ọdún 1822 nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ ní Esperança Felix tàbí Esperanza Felix, nítorí orúkọ ọkọ̀ pàápàá kò ní àkọtọ́ kan. FamilySearch kọ́ ni mo lò fún èyí bí kò ṣe African Origins, tó ti di apá kan ibùdó SlaveVoyages báyìí, òfẹ́ ni òun náà. Orúkọ ènìyàn tó lé ní 91,000 ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú tí akọ̀wé sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Freetown tàbí Havana, pẹ̀lú ọjọ́ orí, bí wọ́n ṣe ga tó, ọkọ̀ tó gbé wọn àti èbúté tó ti gbéra. Mo jókòó síwájú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì dìde ní òwúrọ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ohùn ló wà lábẹ́ àkọtọ́ burúkú wọ̀nyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà, kí wọ́n sì sọ èdè tí wọ́n rò pé ó ti wá. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ojúewé mẹ́wàá péré sókè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ Àìná, Òjó, Ìgè àti Dàda láti inú lẹ́tà tí kò jọ wọ́n rárá.

Ẹni tó bá ń wá Yorùbá nínú ìwé Freetown gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀yà lè má rí i, nítorí Aku ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, láti inú ẹ kú tí a fi ń kí ara wa. Ní Cuba a jẹ́ Lucumí, ní Brazil a jẹ́ Nagô. Òmíràn ni pé orúkọ àmútọ̀runwá kò lè dá ènìyàn mọ̀. Àìná pọ̀ ju kí ènìyàn fi wá Àìná lọ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti Freetown fúnra rẹ̀, tí ojúlówó rẹ̀ wà ní ilé ìwé ìjọba tó wà ní Fourah Bay College, tún máa ń ṣàlàyé àmì ara àti ilà ojú, ibẹ̀ sì ni òye àwọn àgbà ti wúlò: akọ̀wé lè kọ pé ojú ènìyàn kan ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹni tó mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé ni yóò sọ ohun tó rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ á parẹ́ pátápátá. Wọ́n rì wọ́n bọmi, wọ́n di Johnson, Cole, Davies, Williams, gẹ́gẹ́ bí Àjàyí ṣe gba orúkọ àlùfáà kan ní London ní ọdún 1825 tó sì di Samuel Crowther. Ìran tó tẹ̀lé wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí dá orúkọ náà padà. William James Davies di Orishatukeh Faduma ní ọdún 1887, David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní ọdún 1894. Kò sí àmì ìràwọ̀ tó lè so Davies mọ́ Faduma. A sì tún gbọ́dọ̀ rántí pé orúkọ ìdílé tí gbogbo ọmọ jọ ń jẹ́ kò tíì pẹ́ lọ títí láàárín wa: ọmọ ìyá méjì lè fi ìwé sílẹ̀, kí ọ̀kan máa jẹ́ orúkọ bàbá, kí èkejì máa jẹ́ orúkọ bàbá àgbà. Mẹ́ta nínú àwọn tí mo ti yọ kúrò nínú àkójọ mi pé wọn kì í ṣe tiwa ni mo padà lọ mú wá nítorí èyí.

Mo gbìyànjú àtisanwó fún ẹni tí yóò bá mi ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gba owó tó tó ti owó ilé oṣù méjì, ó fi ìwé aláwọ̀ mèremère ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì so wá mọ́ Shodipe kan tó kú kí ọmọ tí wọ́n ní ó bí tó dáyé. Wọn kò wo ọdún. Àkọtọ́ bá ara mu, ó ti parí lójú tiwọn.

Ní ti igi ìdílé tí FamilySearch ń jẹ́ kí ènìyàn gbìn, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń tọ́jú, ẹnikẹ́ni sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ síbẹ̀ kọ. Mo fara mọ́ èrò náà ju ìṣe rẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń kọ ìdí sí abẹ́ gbogbo ohun tí mo bá fi síbẹ̀, mo sì ń tọ́jú ẹ̀dà tèmi sínú ìwé àjákọ. Ààyè fún orúkọ mìíràn tí ènìyàn ń jẹ́ wà níbẹ̀, ààyè náà ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀: àkọtọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo kó síbẹ̀, pẹ̀lú Lodipe, kí ẹni tó bá fi èyíkéyìí nínú wọn wá wa lè kan ilẹ̀kùn wa.

Fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ kò bá kọjá òkun rí, èmi kò ní sọ pé kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ẹni, National Archives ní Ìbàdàn, àti ìwé àwọn ajíhìnrere CMS tó wà ní yunifásítì Birmingham sún mọ́ wa ju ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ. Fún ẹni tó ní Sàró, Àgùdà tó padà dé láti Brazil tàbí Cuba, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú òyìnbó nínú ìran rẹ̀, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ìràwọ̀ kan tó kù sì di ìgbà tí yóò bá gbọ́ Yorùbá.

Nígbà tí mo ka Orishatukeh sí Bàbá Àgbà létí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Òrìṣàtúkẹ́. Àwọn náà ní h." Oṣù tó ń bọ̀ ni a fẹ́ tún ibojì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún oníbíríkì pé kó tún gbogbo lẹ́tà orí òkúta náà kùn ní dúdú, kó má sì yọ h kúrò níbẹ̀.